Ilé Bàbá Ẹni Kò Gbọdọ̀ Wó: Àkànrán àti Ọgbọ́n Títún Ilé Alámọ̀ Ṣe

Ẹni tó bá wọ mọ́tò láti Ọ̀rita Aperin n'Ìbàdàn, tó gba Ọlọ́runṣògo bọ́ sí Amúlókò, tí kò sọ̀ kalẹ̀ títí ó fi dé Àkànrán, yóò rí oríṣi ilé méjì lójú ọ̀nà. Lápá ìgboro, ilé búlọ́ọ̀kù ló pọ̀. Òmíràn ti parí, òmíràn wà láìlórí, tí koríko ti hù nínú pálọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mọ́tò bá ṣe ń jìnnà sí ìgboro, bẹ́ẹ̀ ni ilé alámọ̀ ń yọjú, irú èyí tí àwọn bàbá àtijọ́ fi owó kòkó kọ́. Páànù orí wọn ti pọ́n bí ẹni pé wọ́n fi osùn kùn ún. Òjò ti gbẹ́ ẹsẹ̀ ògiri wọn wọnú. Síbẹ̀, wọ́n dúró. Ọ̀nà náà ń bá tirẹ̀ lọ sí Ìjẹ̀bú-Igbó, àwọn ilé náà sì ń wo ẹni tó ń lọ àti ẹni tó ń bọ̀.

Àwọn ilé wọ̀nyí ni ọ̀rọ̀ dá lé. Ọ̀pọ̀ ìyá ọlọ́jà àti oníṣẹ́ ọwọ́ ló wà lónìí tó jẹ́ pé ilé bàbá wọn l'óko nìkan ni ilé tí wọ́n lè pè ní tiwọn. Owó tí wọ́n á fi kọ́ tuntun kò sí. Bí wọ́n bá sì fi ti àtijọ́ sílẹ̀ kó wó, ayálégbé ni wọ́n dà títí ọjọ́ alẹ́. Àwọn àgbà ní ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Ẹni tí kò lówó ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kò gbọdọ̀ tìtorí ìyẹn sùn sínú òjò.

ÌLÚ ÀWỌN ÀGBẸ̀KỌ̀YÀ

Àkànrán kì í ṣe ìlú tí ẹnikẹ́ni lè fojú tín-ín-rín. Òun ni olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀nà Àrà, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1989. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó gbé ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ yìí kalẹ̀ ni òkìkí rẹ̀ ti kàn káàkiri ilẹ̀ Yorùbá. Lọ́dún 1968 sí 1969, nígbà tí àwọn àgbẹ̀ dìde pé owó orí ti wọ àwọn lọ́rùn jù, Àkànrán ni Tàfá Adéoyè, gbajúmọ̀ aṣáájú Àgbẹ̀kọ̀yà, fi ṣe ibùjókòó. Ọ̀rọ̀ náà le, ẹ̀mí ṣòfò, wọ́n já ọgbà ẹ̀wọ̀n Agodi. Níkẹyìn, Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ fúnra rẹ̀ wá bá wọn sọ̀rọ̀ l'Ákànrán lọ́dún 1969, owó orí sì wálẹ̀ sí pọ́n-ùn méjì.

Ohun kan wà nínú ìjà ìgbà náà tó kan ọ̀rọ̀ ilé. Yàtọ̀ sí owó orí, lára ohun tó ń bí àwọn àgbẹ̀ nínú ni àwọn wolé-wolé tó ń wá láti ìgboro, tí wọ́n ń yọ wọ́n lẹ́nu. Ilé tí èèyàn fi òógùn ojú rẹ̀ kọ́, àlejò ló wá ń dá a lẹ́jọ́ nínú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ará Àkànrán kì í fi í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ilé alámọ̀ bú òun.

Owó kòkó ló yí orí ilé padà lágbègbè yìí. Kí kòkó tó gbòde, ewé àti koríko ni wọ́n fi ń bo ilé. Nígbà tí owó kòkó dé, páànù ló tẹ̀lé e. Owó kòkó kan náà yìí ló kọ́ Kòkó Háósì gogoro ní Dùgbẹ̀, tí wọ́n ṣí lọ́dún 1965. Ẹni tó bá wo Kòkó Háósì tán, kó tún wá wo páànù orí ilé l'Ákànrán: ìyá kan náà ló bí àwọn méjèèjì. Èyí tó wà ní Dùgbẹ̀ jóná lọ́dún 1985, wọ́n sì tún un ṣe. Èyí tó wà l'Ákànrán kò ní ẹlòmíràn tí yóò tún un ṣe bí kò ṣe ọmọ tó jogún rẹ̀.

Lọ́dún 2024, iye kòkó lọ́jà àgbáyé kọjá 10,000 dọ́là lórí tọ́ọ̀nù kan, irú èyí tí kò ṣẹlẹ̀ rí. Nígbà tó fi máa di ọdún 2025, ó ti ń já wálẹ̀. Ẹni tó rí owó náà tó fi ra páànù, páànù rẹ̀ wà lórí ilé. Ẹni tó ń dúró dè é kó tún gòkè sí i, òjò kò bá a dúró.

ÌYÁ ẸLẸ́LÙBỌ́ ÀTI BÍRÍKÌLÀ

Ẹ fi ìyá kan ṣe àpẹẹrẹ. Ẹ má bèèrè orúkọ rẹ̀, nítorí irú rẹ̀ pọ̀ l'Ákànrán, ó pọ̀ l'Ẹ́gbẹ̀dá, ó pọ̀ ní Mọ́níyà àti Làlúpọn. Ẹ̀lùbọ́ ló ń tà. Bàbá rẹ̀ fi ilé yàrá mẹ́fà sílẹ̀, mẹ́ta lọ́tùn-ún, mẹ́ta lósì, ọ̀dẹ̀dẹ̀ wà láàárín. Sàréè bàbá náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé. Páànù ń jò níbi mẹ́rin. Ògiri apá ìlà-oòrùn, níbi tí ìjì ìbẹ̀rẹ̀ òjò ti máa ń fẹ́ wá, ti ń jẹrà lẹ́sẹ̀.

Àbúrò rẹ̀ tó wà l'Ékòó pè é lórí fóònù.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ ká wó o jàre, ká fi búlọ́ọ̀kù kọ́ ọ lákọ̀tun."

"Ta ló máa mówó ẹ̀ wá?"

"Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wó o ná."

Ọ̀rọ̀ "ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wó o ná" yìí ló sọ ọ̀pọ̀ ilé di ahoro. Wọ́n á wó o lóòótọ́. Wọ́n á da yanrìn sílẹ̀. Ewúrẹ́ á máa gun yanrìn, òjò á máa wọ́ ọ lọ, ọdún á gorí ọdún. Ìyá tó ń gbé yàrá méjì tó ń jò tẹ́lẹ̀ á wá di ẹni tí ń gbé yàrá kan nílé onílé.

Ìyá kò dá àbúrò rẹ̀ lóhùn. Ó ránṣẹ́ pe bíríkìlà kan ládùúgbò, ọmọkùnrin tí kò tíì ju ọgbọ̀n ọdún lọ. Ó dé, ó dọ̀bálẹ̀, ó yí ilé po lẹ́ẹ̀kan.

"Màmá, símẹ́ǹtì la máa fi rẹ́ ẹ látòkè délẹ̀. Ẹ máa rí i, á máa dán bí ilé Bódìjà."

"Báàgì mélòó ló máa gbà, ọmọ mi?"

"Ẹ ṣáà fi ogún bẹ̀rẹ̀ ná, màmá."

Ìyá dákẹ́. Ó ń ka iye kóńgò ẹ̀lùbọ́ tó máa di ogún báàgì símẹ́ǹtì. Ní oṣù kejì ọdún 2024, símẹ́ǹtì wọ́n débi pé ìjọba àpapọ̀ pe àwọn iléeṣẹ́ tó ń ṣe é jókòó, tí wọ́n sì fẹnu kò pé kí báàgì kan máa jẹ́ 7,000 sí 8,000 náírà. Bó bá tilẹ̀ jẹ́ 8,000 yẹn gan-an ni wọ́n tà á, ogún báàgì ti di 160,000 náírà, wọn ò tíì ka yanrìn, wọn ò tíì ka owó iṣẹ́. Páànù sì ń jò lókè níbẹ̀!

Bàbá àgbàlagbà kan tó jókòó sábẹ́ igi lódìkejì, tó ti bá wọn po amọ̀ nígbà èwe rẹ̀, ló bá wọn dá sí i.

"Ìwọ ọmọ yìí, o fẹ́ rán aṣọ fún ẹni tí kò ní fìlà, tí òjò ń pa lórí? Amọ̀ máa ń mu omi, ó sì máa ń pọ̀ ọ́ jáde padà. Tó o bá fi símẹ́ǹtì bò ó mọ́lẹ̀, ibo lo fẹ́ kí omi náà gbà?"

"Bàbá, gbogbo èèyàn ló ń ṣe é bẹ́ẹ̀ báyìí o."

"Ṣé o ti padà lọ wo ti gbogbo èèyàn náà lẹ́yìn ọdún mẹ́ta?"

Ọmọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ họrí.

Òdodo ọ̀rọ̀ ni bàbá sọ. Nígbà òjò, ògiri amọ̀ máa ń wú díẹ̀. Nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, á sún kì. Símẹ́ǹtì tó ti gan kò lè bá a wú, kò sì lè bá a sún kì. Bó pẹ́ bó yá, á sán. Omi á gba ojú ibi tó sán wọlé, kò ní rí ọ̀nà jáde mọ́, amọ̀ tó wà lẹ́yìn á máa di ẹrẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ìdáǹdán tó bo ògiri á já lulẹ̀ gbàà, á sì bá amọ̀ bàbá onílé lọ. Àwọn àgbà ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Owó ìyá ló máa la ògiri lẹ́nu bí kò bá ṣọ́ra.

ORÍ LÀ Á KỌ́KỌ́ TÚN ṢE

Ilé alámọ̀ kì í kú ikú ọjọ́ ogbó. Omi ló ń pa á. Ibi méjì ni omi sì ń gbà wọlé: orí àti ẹsẹ̀. Ẹni tí owó kò tó lọ́wọ́ rẹ̀, orí ni kó kọ́kọ́ tún ṣe, kó tó kan ẹsẹ̀, kó tó kan ara, kó tó wá kan ẹwà. Ẹni tó bá kọ́kọ́ kun ọ̀dà, tó ní páànù ṣì ń jò, omi ló fi ọ̀dà rẹ̀ fún mu.

Kì í ṣe gbogbo páànù ló máa ń bàjẹ́ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Kí káfíńtà gòkè lọ́wọ́ ìyálẹ̀ta, kí ẹnì kan wà nínú ilé tó dákẹ́ sínú òkùnkùn, kó máa wo ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń yọ. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá gbà, omi ń gbà á. Ihò ìṣó nìkan ni òmíràn. Irú èyí, aṣọ tí wọ́n rì sínú ọ̀dà dúdú, tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ojú rẹ̀, á ràn án lọ́wọ́ fún sáà kan. Èyí tí ìpatà ti jẹ tán ni kí wọ́n yọ, kí wọ́n fi tuntun sí i. Kí wọ́n ṣa gbogbo èyí tó ṣì dára jọ sí apá kan òrùlé, kí tuntun gba apá tí ìjì ti ń bọ̀. Èyí tí kò dára fún ilé mọ́ lè bo ilé adìyẹ.

Kí ìyá ṣọ́ra lọ́dọ̀ onípáànù o. Nọ́ńbà gééjì páànù onírin kò dà bí nọ́ńbà bàtà. Bí nọ́ńbà yẹn bá ṣe ga tó ni páànù ṣe tín-ín-rín tó. Òmíràn tín-ín-rín bí ìwé, ẹ̀fúùfù kan ló máa gbé e dé oko ẹlòmíràn. Ó sàn kí èèyàn ra mẹ́wàá tó nípọn lọ́dún yìí, kó tún ra mẹ́wàá lẹ́ẹ̀mìíràn, ju kó ra ogún tó máa fò lọ.

Kí káfíńtà tó kan ìṣó kan, kó kọ́kọ́ fi òòlù gbá igi òrùlé wò. Igi tó bá dún bí ìlù, ikán ti jẹ inú rẹ̀ tán. Lóṣù kẹta àti ìkẹrin tí òjò ń bẹ̀rẹ̀, ìjì ló máa ń ṣáájú òjò, tí á sì máa ṣí òrùlé ká. Wáyà tó nípọn ni kí wọ́n fi de igi òrùlé mọ́ igi tó wà lórí ògiri, kí ìjì má baà gbé e. Owó wáyà kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó òrùlé.

Ìkìlọ̀ kan rèé. Àwọn ilé kan wà tí wọ́n fi ásíbẹ́sítọ́ọ̀sì ṣe síìlìn wọn láyé ọjọ́un. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ayùn rẹ́ ẹ, kí wọ́n má fi òòlù fọ́ ọ, kí wọ́n má sì gbá a ní gbígbẹ. Ekuru rẹ̀ ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró. Àjọ ìlera àgbáyé ti sọ pé kò sí oríṣi rẹ̀ kan tí kì í fa jẹjẹrẹ. Bí kò bá fọ́, ó sàn kí wọ́n fi í sílẹ̀ síbi tó wà.

Ẹ WO ẸSẸ̀ ÒGIRI

Lọ́jọ́ 31, oṣù kẹjọ, ọdún 1980, omi Ògùnpa kún, ó ya wọ ilé n'Ìbàdàn, ó gbé èèyàn lọ. Lọ́jọ́ 26, oṣù kẹjọ, ọdún 2011, àgbàrá tún ya lu ìlú náà. Gbogbo ayé gbọ́ nípa méjèèjì. Ṣùgbọ́n omi kékeré tó ń kán láti orí páànù sí ẹsẹ̀ ògiri kan náà lójoojúmọ́ ní gbogbo ìgbà òjò, kò sí rédíò tó ń sọ tirẹ̀. Ó ń kán, ó ń ta ẹrẹ̀ lu ògiri, ó ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà.

Ọ̀nà àbáyọ kò gba owó púpọ̀. Ọkọ́ àti ṣọ́bìrì ni. Kí wọ́n gbẹ́ ojú gọ́tà kékeré sí ọ̀gangan ibi tí omi òrùlé ń kán sí, kó máa ṣàn lọ kúrò lára ilé. Kí wọ́n da òkúta wẹ́wẹ́ sójú ibẹ̀, kí omi tó bá já lé e má baà ta ẹrẹ̀ mọ́ ògiri. Kí ilẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé máa ga lọ́dọ̀ ògiri, kó máa rẹlẹ̀ bó ṣe ń jìnnà sí i. Bí símẹ́ǹtì báàgì kan tàbí méjì bá wà nílẹ̀, ojú gọ́tà yìí ló yẹ kó lọ, kì í ṣe ara ògiri.

Ọ̀rọ̀ tún wà fún àwọn ìyá. Omi ìwẹ̀, omi ìfọṣọ, omi tí wọ́n fi ṣan ẹ̀gẹ́ àti iṣu, kò gbọdọ̀ máa dà sí ìdí ògiri. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe kó ààtàn jọ tì í, nítorí inú ọ̀rinrin àti ìdọ̀tí yẹn ni ikán ti ń gba abẹ́lẹ̀ wọlé.

Ibi tí òjò ti jẹ wọnú ńkọ́? Kí wọ́n há amọ̀ tó ti rọ̀ kúrò títí wọ́n á fi kan èyí tó le. Kí wọ́n wọ́n omi sí i. Kí wọ́n wá fi amọ̀ tuntun tí wọ́n po dáadáa, pẹ̀lú òkúta wẹ́wẹ́ tàbí àpáàdì, dí i gírígírí. Kí wọ́n má ṣe tú gbogbo ẹsẹ̀ ògiri lẹ́ẹ̀kan náà o! Ìwọ̀n apá ọwọ́ kan ni kí wọ́n máa ṣe, kó gbẹ kí wọ́n tó bọ́ sí èyí tó kàn. Ògiri tó bá ti tẹ̀, tàbí tó sán látòkè délẹ̀ tí ọwọ́ ń wọ ojú ibẹ̀, ìyẹn ti kọjá agbára ìyá àti bàbá abẹ́ igi. Kí wọ́n kó ọmọ kúrò ní yàrá yẹn, kí wọ́n pe ọ̀mọ̀ràn.

ARA ÒGIRI: AMỌ̀ LÓ MỌ AMỌ̀ LÁRA

Nígbà tí orí àti ẹsẹ̀ bá ti dúró, rírẹ́ ara ògiri ló kù. Láyé àtijọ́, ìpele-ìpele ni wọ́n ń mọ ògiri, tí wọ́n ń jẹ́ kí ọ̀kan gbẹ kí wọ́n tó mọ ìkejì lé e. Ó nípọn gan-an. Ìdí nìyẹn tí ilé alámọ̀ fi máa ń tutù lọ́sàn-án gangan, nígbà tí ẹni tó wà nínú ilé búlọ́ọ̀kù tín-ín-rín ń fi ìwé fẹ́ra. Amọ̀ kan náà yẹn ló yẹ kí wọ́n fi rẹ́ ẹ. Ó wà ní ilẹ̀ ní ọ̀fẹ́.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ilẹ̀ ló dára. Ilẹ̀ dúdú tí irè oko ń hù nínú rẹ̀ kò ṣeé lò. Kí wọ́n gbẹ́ ẹ wọlé títí wọ́n á fi kan ilẹ̀ pupa. Láti mọ bó ṣe rí, kí wọ́n bu díẹ̀ sínú ìgò tó mọ́ gaara, kí wọ́n bu omi sí i, kí wọ́n gbọ̀n ọ́n dáadáa, kí wọ́n gbé e kalẹ̀ di ọjọ́ kejì. Yanrìn á lọ sísàlẹ̀, amọ̀ kíkúnná á wà lókè, ojú á sì rí bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe pọ̀ tó. Lẹ́yìn èyí, kí wọ́n rẹ́ ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ méjì sára ògiri lẹ́yìn ilé, kí wọ́n fi í sílẹ̀ bí ọ̀sẹ̀ kan. Bó bá sán wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, yanrìn ló kéré, kí wọ́n fi kún un. Bó bá ń jẹ́ ìyẹ̀fun tí ọwọ́ bá kàn án, amọ̀ ló kéré. Ẹni tó bá ṣe èyí kò ní fi owó òṣìṣẹ́ ṣòfò.

Àwọn ìyá àtijọ́ ní ohun tí wọ́n ń pò mọ́ ọn kó lè le, kó sì máa dán. Wọ́n ń lo ìgbẹ́ màlúù. Wọ́n ń lo gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ aró tó kù sínú ìkòkò àwọn aláró, òun ló ń mú ògiri àti ilẹ̀ dúdú kirikiri. Wọ́n tún ń se èèpo èso igi igbá, wọ́n á fi omi rẹ̀ pa ojú ògiri kí òjò má baà tètè wọ̀ ọ́. Ẹni tó ń ṣe irú ní ilé ní èèpo yìí lọ́fẹ̀ẹ́.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ọ̀rọ̀ ará oko ni èyí. Ní ìlú Djenné ní orílẹ̀-èdè Málì, mọ́ṣáláṣí ńlá kan wà tó jẹ́ amọ̀ látòkè délẹ̀. Ọdún 1907 ni wọ́n parí èyí tó wà níbẹ̀ báyìí. Ó ṣì dúró, nítorí pé lọ́dọọdún ni gbogbo ìlú máa ń jáde, tọkùnrin tobìnrin, wọ́n á po amọ̀, wọ́n á rẹ́ ẹ lákọ̀tun pẹ̀lú ìlù àti orin. Lọ́dún 1988, àjọ UNESCO ka ìlú náà mọ́ ohun ìní gbogbo ayé. Ní Nàìjíríà níbí pàápàá, ilé ìwádìí ìjọba àpapọ̀ kan wà lórí ọ̀rọ̀ ilé àti ọ̀nà, NBRRI, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1978. Àwọn náà ń gba àwọn èèyàn níyànjú pé kí wọ́n fi ilẹ̀ pupa ṣe búlọ́ọ̀kù. Wọ́n ń pò ó mọ́ símẹ́ǹtì díẹ̀, bí ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún, wọ́n á sì fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́. Ìyá tí yàrá ìdáná rẹ̀ ti wó lè lọ bèèrè nípa irú búlọ́ọ̀kù yìí.

ẸWÀ ILÉ KÒ PỌN DANDAN KÓ WỌ́N

Nígbà yìí ni ọ̀rọ̀ ẹwà tó kàn. Inú yàrá tó ṣókùnkùn, ẹfun lè tan ìmọ́lẹ̀ sí i. Kí wọ́n lọ̀ ọ́ kúnná, kí wọ́n pò ó mọ́ sítáàṣì gbígbóná tí wọ́n rò bí ẹ̀kọ, kó lè lẹ̀ mọ́ ògiri. Sítáàṣì yìí kò jìnnà: ibi tí wọ́n ti ń fún ẹ̀gẹ́ gàrí, òun ló ń sun sísàlẹ̀ omi tí wọ́n ń dà nù. Inú ilé nìkan ni wọ́n gbọ́dọ̀ kùn ún sí, nítorí òjò á fọ̀ ọ́ kúrò lóde.

Fèrèsé kékeré tí wọ́n ti dí pa, kí wọ́n ṣí i. Kí wọ́n kan nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn mọ́ ọn. Nẹ́ẹ̀tì kò wọ́n tó oògùn ibà. Bí wọ́n bá fẹ́ lu fèrèsé tuntun, kí wọ́n kọ́kọ́ ti igi tó lágbára wọ òkè ibẹ̀ kó gbé ẹrù ògiri dúró, kí wọ́n tó gbẹ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀. Kòtò tí wọ́n ti wa amọ̀, kí wọ́n dí i padà kí òjò tó dé, kó má baà di ilé ẹ̀fọn.

OWÓ DÀ?

Ìyá ẹlẹ́lùbọ́ kò yá owó. Ó ń dá àjọ lọ́jà. Kí ó kó àjọ àkọ́kọ́, kó fi ra páànù àti ìṣó. Páànù tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì kì í bàjẹ́. Símẹ́ǹtì kò rí bẹ́ẹ̀: bó bá pẹ́ bí oṣù mẹ́ta nílé, ọ̀rinrin á ti gba agbára lára rẹ̀, á máa dì. Ọjọ́ tí wọ́n máa lò ó gan-an ló yẹ kí wọ́n rà á, kí wọ́n sì gbé e lé orí pákó, kì í ṣe orí ilẹ̀. Àjọ kejì á san owó káfíńtà. Amọ̀ kò béèrè àjọ kankan, òógùn ló ń béèrè.

Òógùn náà ni àwọn bàbá ń pè ní ọ̀wẹ̀. Ẹnì kan bẹ ọ̀wẹ̀ lónìí, gbogbo àdúgbò á jáde, wọ́n á po amọ̀, olówẹ̀ á se oúnjẹ. Lọ́la, ó kan ẹlòmíràn. Àwọn ọ̀dọ́ ìgboro lè máa rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ìyá se àmàlà ẹ̀lùbọ́ tirẹ̀, ó fi gbẹ̀gìrì sí i. Bíríkìlà ọmọkùnrin yẹn náà wá. Ó bọ́ bàtà, ó wọ inú ẹrẹ̀, ó ń tẹ amọ̀, bàbá abẹ́ igi ń júwe fún un.

"Bàbá, ẹ ò sọ fún mi pé iṣẹ́ amọ̀ dùn báyìí."

"Ta ló bi mí?"

Àbúrò tó wà l'Ékòó pè lálẹ́ ọjọ́ náà.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ ti wó o?"

"Mi ò wó nǹkan kan. Fi owó páànù mẹ́ta ránṣẹ́, kí ìwọ náà lè rí yàrá sùn sí nígbà ọdún."

Páànù mẹ́ta kò tó ilé tuntun. Ẹni tí kò lè mú mílíọ̀nù wá lè mú páànù mẹ́ta wá, ilé bàbá á sì jẹ́ ti gbogbo wọn. Ìdí tí ọ̀pọ̀ ẹbí fi ń jà lórí ilé ni pé ẹnì kan ń retí kí ẹlòmíràn ṣe ohun ńlá, nígbà tí ohun kékeré ń pa ilé lọ.

Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá dé Àkànrán, ìjì á kọ́kọ́ fẹ́ láti ìlà-oòrùn, eruku á sọ lójú ọ̀nà, àwọn ọmọ á sáré kó aṣọ. Òjò á wá rọ̀ lórí páànù, ariwo rẹ̀ á bo ohùn gbogbo. Ẹni tó ti tún orí ilé ṣe á jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, á máa wo bí omi ṣe ń gba gọ́tà lọ. Kò ní sáré wá abọ́ tí yóò gbé sábẹ́ ibi tó ń jò. Ilé ológo kọ́ ni ilé náà. Ilé bàbá ni, ó gbẹ, ó sì dúró.

Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà, ẹ̀yin bíríkìlà àti káfíńtà tẹ́ ẹ ní ọgbọ́n tó jù báyìí lọ lórí títún ilé alámọ̀ ṣe, ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí ojú ewé lẹ́tà. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè.